Ojú Kan Ń Ṣiṣẹ́, Èkejì Jókòó Lásán

Nínú Biology, a ti ya àwòrán ojú títí ọwọ́ fi ń ro wá: kọ́níà, lẹ́ǹsì, rẹ́tínà, àti iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. A kọ́ ọ pé bí ẹnì kan ò bá rí ọ̀ọ́kán, awò ojú ló máa bá a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣòro ojú kan wà tí a ò kọ́, tó jẹ́ pé bí ẹ fi awò tó dára jù lọ sí i, ojú náà lè má ríran dáadáa síbẹ̀. Amblyopia lorúkọ rẹ̀. Àwọn òyìnbó tún ń pè é ní ojú ọ̀lẹ. Èmi ò fara mọ́ orúkọ yẹn rárá, torí kì í ṣe ojú ló ya ọ̀lẹ. Ọpọlọ ni kò gba iṣẹ́ tí ojú náà jẹ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A kì í bí ọmọ kí ó ti ríran bí àgbà. Ọpọlọ ń kọ́ ìríran díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Tí ojú ọ̀tún bá ń fi àwòrán tó mọ́ kedere ránṣẹ́, tí ti òsì ń fi èyí tó ṣú ránṣẹ́, ọpọlọ á mú ti ọ̀tún, á sì pa ti òsì tì. Ohun tó ń mú ti òsì ṣú lè jẹ́ pé nọ́ńbà awò tí ojú méjèèjì nílò jìnnà síra, tàbí pé ojú kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí pé nǹkan funfun bo lẹ́ǹsì rẹ̀ láti kékeré. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di bárakú.

David Hubel àti Torsten Wiesel ní Yunifásítì Harvard ló fi èyí han aráyé ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n rán ìpéǹpéjú ọmọ ológbò pọ̀ lójú kan fún oṣù mélòó kan. (Àánú ológbò yẹn ṣe mí o.) Nígbà tí wọ́n tú u, ojú fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ tó ṣì ń dá a lóhùn. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àgbà ológbò, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní awò tó yẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ pílásítà bo ojú tó DÁRA, kí ọpọlọ má rí ibòmíì sá sí. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn dókítà ti ń dí ojú báyìí. Ìbéèrè tó kù ni pé: wákàtí mélòó lójúmọ́? Oníkálukú dókítà ló ń sọ tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, tó ń jẹ́ Pediatric Eye Disease Investigator Group, fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ibẹ̀ ló ń náwó sí i. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni kèké. Dókítà kọ́ ló ń yan ìtọ́jú tí ọmọ máa gbà, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ẹ lè ní kí ló dé? Tó bá jẹ́ dókítà ló ń yàn, ó lè fi pílásítà fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ le, kí ó fi oògùn fún ọmọ aláìgbọràn. Tí ti pílásítà bá wá yege, ta ló yege, pílásítà ni àbí ìyá?

Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, ọmọ 419 ló kópa, gbogbo wọn ti pé ọdún 3, wọn ò sì tíì pé 7. Àwọn kan gba pílásítà. Àwọn yòókù gba atropine, oògùn kíkán tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀, tí ojú tó dára ò fi ní rí ohun ìtòsí kedere. Àṣeyọrí ni kí ojú tó ń ṣòjòjò ka ìlà lẹ́tà mẹ́ta sí i, tàbí kí ó dé 20/30, ìyẹn ni pé ohun tí ojú tó pé ń rí láti ẹsẹ̀ bàtà 30, òun náà á rí i ní 20. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 79 nínú 100 ló yege nínú àwọn onípílásítà, 74 nínú àwọn alátropine. Ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. (Ewé apikán ní irú oògùn yìí nínú o, ṣùgbọ́n májèlé ni. Kí ẹnikẹ́ni má fún un sójú!)

Ní 2003, wọ́n mú ọmọ 189 tí tiwọn ò le jù. Wákàtí méjì làwọn kan fi ń dí ojú lójúmọ́, àwọn kejì wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìlà 2.4 ni àwọn méjèèjì fi sunwọ̀n sí i. Ọgbọọgba!

Mo tún èyí kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọmọ JSS1 kan níbí. Ó lẹ pílásítà wá sí kíláàsì, wọ́n ń pè é ní olójú kan, wọ́n ń fọwọ́ bo ojú tiwọn tó bá ń kọjá. Ọjọ́ kẹta, ó yọ ọ́. Ọmọ tí tirẹ̀ ò le jù lè fi wákàtí méjì yẹn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nílé, níbi tí kò sí ẹni tó máa fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n dókítà rẹ̀ ló máa sọ bóyá ó bá tirẹ̀ mu, torí ẹni tí tirẹ̀ bá le gan-an nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa ńkọ́, tá a ti dàgbà? Wọ́n máa ń sọ pé lẹ́yìn ọdún méje, ó ti bọ́. Èsì 2005 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọmọ 507 ni, ọdún 7 sí 17. Láàárín àwọn ọlọ́dún 7 sí 12, 53 nínú 100 ló sunwọ̀n sí i pẹ̀lú ìtọ́jú, 25 péré pẹ̀lú awò nìkan. Láti 13 sí 17, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀, 25 sí 23. Àmọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn tí wọn ò tọ́jú rí láyé wọn, 47 ló sunwọ̀n, 20 pẹ̀lú awò nìkan. Ojú ọ̀pọ̀ wọn ò pé tán o, ṣùgbọ́n ó sàn ju tàná lọ.

Ìjọ̀gbọ̀n ibẹ̀ ni pé ẹni tó ní i lè má mọ̀, torí ojú kan ń bo èkejì láṣìírí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lọ́hùn-ún, kí ẹ wá bo èkejì. Tí ọ̀kan bá kà á tí èkejì ò lè kà á, ẹ sọ fún òbí yín kí wọ́n mú yín lọ sí ẹ̀ka ojú ní ọsibítù. Ní ti àbúrò tí kò tíì mọ̀wé, ẹ bò ó lójú bí ẹni ń ṣeré. Tí kò bá janpata nígbà tí ẹ bo ọ̀tún, tó wá ń ké tó ń ti ọwọ́ yín kúrò nígbà tí ẹ bo òsì, ojú ọ̀tún ni kí ẹ ní kí dókítà yẹ̀ wò.