Nígbà Tí Oúnjẹ Bá Ń Ṣòro Gbé Mì fún Àwọn Àgbà Wa



Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ohun kan tí a máa ń rí nínú ilé, ṣùgbọ́n tí a kì í kà sí àìsàn. Bàbá mu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá jẹ òkèlè mẹ́ta péré, ó ní òun ti yó. Àwa ọmọ á ní, "Ogbó ti dé, àgbà kì í jẹun púpọ̀." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ebi ń pa àgbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù oúnjẹ ń bà á, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé iṣan ni ó ń gbé oúnjẹ mì, a sì lè fi eré ìdárayá fún iṣan ní okun.

1. BÍ A ṢE Ń GBÉ OÚNJẸ MÌ

Ahọ́n ni ó ń ti òkèlè lọ sẹ́yìn. Bí òkèlè bá dé ọ̀fun, gògóńgò á gòkè, ọ̀nà èémí á pa dé, ẹnu ọ̀nà oúnjẹ á sì ṣí. Ẹ fi ìka lé gògóńgò yín nísinsìnyí, kí ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe gòkè tí ó sì sọ̀kalẹ̀.

Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀, iṣan ahọ́n àti ti ọ̀fun ń rọ, gẹ́gẹ́ bí ti apá àti itan. Àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn ìgbàgbé, àti àrùn tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí wọ́n ń pè ní Parkinson, tún lè ba gbígbé oúnjẹ mì jẹ́. Bí oúnjẹ tàbí omi bá gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè di òtútù àyà, èyí tí ó ń pa àgbàlagbà.

2. ÀWỌN ÀMÌ TÍ A NÍ LÁTI ṢỌ́

(a) Kí ó máa wúkọ́ nígbà tí ó bá ń jẹun tàbí tí ó bá ń mu omi.
(b) Kí ohùn rẹ̀ máa dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun lẹ́yìn oúnjẹ.
(d) Kí oúnjẹ máa ṣẹ́kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó pẹ́ jù nídìí oúnjẹ.
(e) Kí ó máa rù, tàbí kí ibà àti òtútù àyà máa padà wá lemọ́lemọ́.

Ẹ rántí pé oúnjẹ lè gba ọ̀nà òdì láìsí ikọ́ rárá. Àgbà tí ó bá ní àmì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì. Ẹ bèèrè wọn ní ilé ìwòsàn ńlá.

3. ERÉ ÌDÁRAYÁ FÚN IṢAN Ọ̀FUN

Kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ lẹ́nu nígbà tí a bá ń ṣe wọ́n.

(a) Títẹ ahọ́n. Ẹ fi ahọ́n tẹ àjà ẹnu gírígírí, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10. Ní ọdún 2005, JoAnne Robbins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi irinṣẹ́ tí ó ń wọn agbára ahọ́n kọ́ àwọn àgbà 10, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 70 sí 89, ní irú eré yìí fún ọ̀sẹ̀ 8. Ahọ́n gbogbo wọn ni ó le sí i.

(b) Gbígbé itọ́ mì pẹ̀lú agbára. Ẹ fún iṣan ahọ́n àti ti ọ̀fun pọ̀ bí ẹni tí ó ń gbé òkèlè ńlá mì. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe.

(d) Títẹ àgbọ̀n. Ẹ jókòó gbọnrangandan. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi í sí abẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà.

(e) Gbígbé orí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ láìlo ìrọ̀rí. Ẹ gbé orí nìkan sókè títí ẹ ó fi rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín, kí èjìká má kúrò nílẹ̀. Dókítà Reza Shaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1997. Ìlànà rẹ̀ ni kí a gbé orí dúró fún ìṣẹ́jú 1, kí a sinmi fún ìṣẹ́jú 1, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà a ó gbé e sókè sódò ní ìgbà 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ 6. Àgbà kò ní lè ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ọrùn ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí ó ní àrùn ọkàn, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, kò gbọdọ̀ ṣe é láìjẹ́ pé dókítà yọ̀ǹda. Bí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí tí ara ro ó, kí ó dá a dúró.

4. NÍDÌÍ OÚNJẸ

Eré ìdárayá kò lè ṣiṣẹ́ bí a bá ń fún àgbà lóúnjẹ lọ́nà tí kò tọ́. Ẹ má ṣe da ògì sí ẹnu ẹni tí ó dùbúlẹ̀ tàbí tí oorun ń kùn. Ẹ gbé e jókòó dáadáa. Kí òkèlè kéré, kí ó gbé ọ̀kan mì tán kí òmíràn tó wọlé. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Omi lásán máa ń ṣòro fún wọn ju ògì tí ó ki lọ, nítorí pé ó yára ṣàn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó wà ní ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ fọ ẹnu rẹ̀ àti eyín àtọwọ́dá rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ìdọ̀tí ẹnu tí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tí ó ń fa òtútù àyà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN

Ta ni ó dàgbà jù nínú ilé yín? Ìgbà wo ni ẹ jókòó tì í kẹ́yìn títí tí ó fi jẹun tán? Ṣé ó wúkọ́? Ṣé ó rù ju ti ọdún tó kọjá lọ?

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Àwọn tí wọ́n fi sùúrù fún wa lóúnjẹ nígbà tí a kò léyín, àwa ni ó kàn láti fi sùúrù jókòó tì wọ́n nísinsìnyí. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí gbogbo ẹni tí ó ń bá yín tọ́jú àgbà, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ.