Ọsibítù wà nínú ìwé, wọ́n ní àwọn ò gba káàdì wa

ÌBÉÈRÈ



Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Ìbàdàn lèmi àtàwọn ọmọ ń gbé, lọ́nà Àpáta. Iléeṣẹ́ náà ló ń sanwó adójútòfò ìlera fún gbogbo wa. Wọ́n fún wa ní káàdì, wọ́n sì fi ìwé tí orúkọ àwọn ọsibítù wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Lóṣù tó kọjá, ara ọmọ wa obìnrin gbóná lóru. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo gbé e lọ sí ọsibítù kan tó wà nínú ìwé náà. Ọmọbìnrin tó jókòó ní káńtà yẹ káàdì náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, a ò gba èyí." Mo ṣí fóònù, mo fi orúkọ ọsibítù wọn hàn án. Ó ní ìwé yẹn ò kan àwọn. Bí mo ṣe fowó ara mi sanwó nìyẹn. Ara ọmọ ti yá, dókítà náà sì ṣe dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí wá ni káàdì yìí wà fún? Báwo ni mo ṣe máa mọ dókítà tó máa gbà á? Ìyá ọkọ mi náà ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè lò ó?

Ìyá Tèmídayọ̀, Àpáta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Tèmídayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ dókítà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà tó wo ọmọ yín lè má mọ HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, tí ọsibítù rẹ̀ ń bá ṣe rárá. Ọsibítù ló ń tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú HMO, àwọn tó wà nídìí owó ló sì mọ HMO tí wọ́n ṣì ń bá ṣe àtèyí tí wọ́n ti jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, HMO kan ṣoṣo lè máa ta oríṣiríṣi plan, látorí èyí tó wọ́n gógó dórí olówó pọ́ọ́kú. Ọsibítù lè gba tolówó ńlá, kó sì kọ ìyókù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo ọsibítù tí HMO yín ń bá ṣe ni wọ́n dà sínú ìwé tẹ́ ẹ rí lórí WhatsApp, tí wọn ò ya ti plan yín sọ́tọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fura sí ju ìyẹn lọ. Nínú ọ̀pọ̀ plan, ọsibítù kan péré ni wọ́n máa ń kọ orúkọ èèyàn mọ́. Ibẹ̀ lèèyàn á ti máa rí dókítà, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti fi í ránṣẹ́ síbòmíràn bọ́rọ̀ bá ju agbára wọn lọ. Nígbà tí ọkọ yín wọṣẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣe ni HR mú ọsibítù kan tó wà nítòsí ọ́fíìsì ní Èkó, tí wọ́n sì kọ ọ́ síwájú orúkọ gbogbo ìdílé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Èkó ni wọ́n ti ń gbowó lórí Tèmídayọ̀ lóṣooṣù, Àpáta ni ibà ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi ètò ìjọba àpapọ̀ ṣàlàyé, torí iye owó tiẹ̀ hàn sí gbogbo èèyàn. NHIS ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ó di NHIA ní 2022. Lábẹ́ ètò yìí, HMO máa ń san iye kan fún ọsibítù lóṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, yálà olórúkọ yọjú o, yálà kò yọjú. ₦750 ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Nínú owó yẹn ni ọsibítù á ti wo ibà, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti sanwó nọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ náà ni wọ́n á ti repo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tórúkọ rẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ wọn, kọ́bọ̀ kan ò wọlé lórí rẹ̀. Ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn dájọ lọ́dọ̀ alájọ Bódìjà, tó wá lọ ń kówó lọ́wọ́ alájọ Dùgbẹ̀. Àwọn plan aládàáni ní iye tiwọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí abẹ àti irú wọn, ẹ̀yìn tíṣẹ́ bá ti parí ni HMO ń san tiwọn. Ọsibítù á kọ bíìlì, á fi ránṣẹ́, á wá máa retí. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí owó ò wọlé, ọ̀gá ọsibítù á pàṣẹ pé kí wọ́n má wo èèyàn HMO yẹn mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ta aláìsàn lólobó. HMO náà kì í sì í kánjú yọ orúkọ irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé, torí ìwé tó bá gùn ló ń bá wọn tajà. Mi ò lè dá ọsibítù tí wọ́n jẹ lówó lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ obìnrin tó gbé ọmọ tára rẹ̀ ń jó fòfò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nípa gbèsè náà, ní káńtà, ìyẹn burú.

Ìgbà tára gbogbo yín bá le ni kẹ́ ẹ ṣe ìwádìí yìí. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹ ní kí wọ́n sọ orúkọ plan yín àti ọsibítù tó wà níwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí wọ́n má kàn ka tọkọ yín nìkan. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn ọsibítù Ìbàdàn tó wà lórí plan yẹn gan-an ránṣẹ́. Ẹ wá mú èyí tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ kàn béèrè pé, "Ṣé ẹ ń gba HMO lágbájá?", wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò purọ́, wọ́n lè máa gba ọ̀kan nínú plan rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ HMO. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá ló ní tábìlì kan fún un, fáìlì á kún orí rẹ̀. Ẹ fi káàdì hàn án, kẹ́ ẹ ní, "Plan báyìí ni, látiléeṣẹ́ báyìí. Ṣé ẹ ti wo ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ lóṣù yìí?" Bó bá ń họrí, ẹ ti gbọ́ èsì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà ọmọdé máa ń wá, torí àwọn ọsibítù kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń yọjú. Ẹ béèrè bóyá inú ọgbà wọn ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ìta ni, ta ló ń sanwó ibẹ̀?

Lẹ́yìn náà, kí ọkọ yín kọ̀wé sí HR pé kí wọ́n gbé orúkọ yín àti tàwọn ọmọ wá sí Ìbàdàn, kí tiẹ̀ wà ní Èkó. Ó lè dìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ kó tó ṣiṣẹ́, torí oṣooṣù ni HMO sábà máa ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí ọsibítù.

Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lọ rí onímọ̀ kan, ní ọsibítù UCH tàbí ibòmíràn, ọsibítù yín ni yóò gba kóòdù ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ HMO kẹ́ ẹ tó lọ. Àwọn èèyàn máa ń jókòó látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nítorí kóòdù. NHIA, tó ń bójú tó àwọn HMO, ti pàṣẹ ní 2025 pé wákàtí kan ni HMO ní láti fi gbé e jáde. Tí wọ́n bá ń fi yín falẹ̀, ẹ rán wọn létí àṣẹ yẹn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ àti aago tẹ́ ẹ pè sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì ńkọ́? Ẹ má wo ìwé kankan. Ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ sáré lọ, kẹ́nì kan máa pe HMO lójú ọ̀nà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ ló wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku Màmá. Nínú ètò ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kan, àtàwọn ọmọ mẹ́rin tí wọn ò tíì pé ọdún 18 ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá ọkọ kì í sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún Màmá ní káàdì yín kí wọ́n fi gboògùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá á wọ inú fáìlì yín, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú oyún, ìtàn tí kì í ṣe tiyín ni dókítà á máa kà.

Òfin tí Buhari, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, buwọ́ lù lóṣù Karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ó rọrùn láti sọ nǹkan di dandan! Ṣùgbọ́n àǹfààní wà níbẹ̀ fún Màmá, torí àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ètò tiwọn tẹ́ni tí kì í ṣòṣìṣẹ́ lè wọ̀. OYSHIA ló wà fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí Èkó náà ṣe ní Ìlera Èkó. Ẹ mú Màmá lọ sí ọ́fíìsì OYSHIA, kí wọ́n mú NIN wọn dání. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa san lọ́dún, ìgbà tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó, àti ọsibítù tó wà lágbègbè Àpáta. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á máa lọ gboògùn lemọ́lemọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú ibi tí Màmá lè wọ kẹ̀kẹ́ kan péré dé. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ mú páálí oògùn wọn lọ sí ilé oògùn ọsibítù náà, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní i nílẹ̀.

Ní ti owó tẹ́ ẹ san fún Tèmídayọ̀, bí rìsíìtì bá ṣì wà lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí HR pẹ̀lú fọ́tò ìwé tí orúkọ ọsibítù náà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n bá yín bi HMO ìdí tí wọ́n fi darí yín síbẹ̀. Wọ́n lè dá owó náà padà, wọ́n sì lè yarí. Bí wọ́n bá yarí, ẹ ní kí wọ́n kọ èsì wọn sílẹ̀, torí ìwé yẹn á wúlò fún yín bẹ́ ẹ bá fẹjọ́ sun NHIA.