Ohun Tí Ń Pa Òórùn Ẹ̀gbin

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òru ni àwọn agbépóò ń ru ìgbẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ dà sínú ọ̀sà. Ní ibi tí a ti ń wẹ omi ẹ̀gbin mọ́ lóde òní, a lè fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ gba inú ebè igi wẹ́wẹ́ tàbí ilẹ̀dú kọjá. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí ń gbé ibẹ̀, a sì fi í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ebè náà bá gbẹ, wọn a kú, òórùn a sì padà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, inú erùpẹ̀ ni irú wọn ń gbé pẹ̀lú. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ọmọ láti bu erùpẹ̀ sí ṣálángá, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ ní ìdí rẹ̀.