Ẹyọ mẹ́fà péré nínú abọ́
Lọ́dún 1995 ni Massimo Bottura ṣí ilé oúnjẹ Osteria Francescana sílùú Modena, ní Ítálì. Tortellini, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi di ẹran, àbùkúnbọ́ làwọn ará ìlú náà máa ń jẹ ẹ́. Ẹyọ mẹ́fà péré ni Bottura gbé kalẹ̀. Ni wọ́n bá bínú pé ó ń fi oúnjẹ ìyá àwọn ṣeré. Àwọn mìíràn jẹ ẹ́, wọ́n yìn ín. Oúnjẹ kan náà ni o! Ẹni tó wá jẹ àjẹyó àti ẹni tó wá tọ́ nǹkan tuntun wò, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wá rà. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ tètè sọ èyí tí ẹ ń tà. Bottura fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé kí ọjà tó yá. Lọ́dún 2016 àti 2018, òun ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ilé oúnjẹ 50 tó dára jù lágbàáyé.