Ẹsẹ̀ Ọmọ La Fi Ń Wọn Ọ̀nà

Ẹ̀yin òbí ní Chatham, Chicago, ṣé ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ pàgọ́ (pa àgọ́) pẹ̀lú àwọn ọmọ? Ẹsẹ̀ ọmọ tó kéré jù lẹ máa fi ṣírò o, kì í ṣe tiyín.

Ẹ kọ́kọ́ wo aago lórí Major Taylor Trail, ojú irin àtijọ́ láti Dan Ryan Woods dé Whistler Woods. Wọ́n fi sọrí aláwọ̀ dúdú tó gbégbá orókè lágbàáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ ní 1899.

Bí ọmọ bá ń gun máìlì 6 ní wákàtí kan, máìlì 18 á gba wákàtí 3. Ẹ fi wákàtí 2 kún un fún ìsinmi àti táyà tó bá jò, kílẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lọ́nà. Kí àgbà ru àgọ́. Kí ọmọ gbé omi tiẹ̀ nìkan.