Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Kùnà Nínú Ìlà Ìdúró

Ìbéèrè: Àtẹ̀jíṣẹ́ tó kùnà ti kún inú Amazon SQS, ìyẹn ìlà ìdúró àtẹ̀jíṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ilé-iṣẹ́ akẹ́rù wa ní Liverpool Road, Apapa. Ṣé ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́, nítorí pé ohun tí àṣẹ purge bá gbá dànù kì í padà wá, bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ ẹrù wọ èbúté Apapa, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ àyè odindi ọkọ̀ kan. Inú dead-letter queue, ìyẹn ìlà tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí ètò gbìyànjú títí tí kò ṣeé ṣe, ni àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó kùnà náà wà. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, ẹ tún ohun tó fa ìkùnà náà ṣe, kí ẹ wá fi àṣẹ redrive dá wọn padà díẹ̀díẹ̀ sí ìlà tí wọ́n ti wá, kó tó pé ọjọ́ 14 tí SQS lè tọ́jú wọn mọ. Bí ọ̀rọ̀ owó bá wà nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ pe onímọ̀ ẹ̀rọ.