Owó Tó Sùn Nínú Àpótí: Ẹ̀kọ́ Lára Aago Méje

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò ti inú ìwé wá. Inú àpótí èmi fúnra mi ló ti wá. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò, kí n sì máa kìlọ̀ pé owó tí kò ṣiṣẹ́, owó tó sùn ni. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi dá ọ̀rọ̀ náà padà fún mi.

Owó ilé-ìwé ọmọ ló dé, mo sì ti kọ̀wé láti yá owó nínú ẹgbẹ́ wa. Ìyàwó mi ṣí àpótí, ó kó aago ọwọ́ méje síwájú mi, ó ní: "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ ó máa san èlé nígbà tí owó yín wà níhìn-ín?" N kò rí èsì fọ̀.

A yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ń lo bátìrì: méjì nínú wọn ti kú, bátìrì ọ̀kan sì ti yọ omi, ó ti ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Méjì jẹ́ irú èyí tí mímì ọwọ́ ń mú ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dúró. Ìkeje ni aago olóògbé bàbá mi, tí a ń fọwọ́ yí. Òun náà dúró. Nínú méje, méjì péré ló ń rìn, àwọn méjèèjì kò sì fohùn ṣọ̀kan.

Bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́

Aago tí a ń yí ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ká jọ sínú. Bí irin náà ṣe ń tú ni aago ń rìn. Nínú èyí tí mímì ọwọ́ ń mú ṣiṣẹ́, irin wúwo kan ló ń yí tó sì ń ká a. Bí a bá bọ́ ọ sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, púpọ̀ nínú wọn a dúró. Ní ti oníbátìrì, òkúta kékeré tí à ń pè ní quartz ló ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ Seiko gbé aago ọwọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, Astron, sí ọjà ní Tokyo, ní 450,000 yen. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nínú aago olówó pọ́ọ́kú. Ó sábà máa ń fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 yà lóṣù kan. Onírin-kíká lè fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan yà lójúmọ́ kan. Nítorí náà, kì í ṣe aago tó wọ́n jù ló mọ àkókò jù.

Bí a ṣe lè mú ọ̀kan

1. Fún oṣù kan, kọ èyí tí o wọ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé. Ìwé kì í ṣe ojúsàájú.
2. Mú èyí tí o lè kà ní ìrọ̀lẹ́, tó sì yẹ iṣẹ́ àti òde.
3. Béèrè bóyá ẹni tó lè tún un ṣe wà nítòsí.
4. Bí a bá kọ mítà 30 sí i lára, omi tó ta sí i nìkan ló lè gbà. Má wọ̀ ọ́ lọ wẹ odò.
5. Yọ bátìrì tó ti kú. Sọ àbùkù aago fún ẹni tó fẹ́ rà á. Má ná owó àtúnṣe tó ju iye tí yóò mú wá lọ.

Mo ta mẹ́rin, lẹ́yìn tí mo fi bátìrì tuntun sí ọ̀kan. Mo sọ èyí tó ti bàjẹ́ nù. Ti bàbá mi kì í ṣe ọjà. Mo fún àbúrò mi, ó ń yí i láràárọ̀. Ọ̀kan tó ń lo bátìrì, tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn gbangba, ló kù lọ́wọ́ mi. Owó ilé-ìwé pé, mo sì gba ìwé ẹ̀yáwó mi padà.

Ẹgbẹ́ náà lè ní aago méje. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń fín oògùn sí kòkó, nígbà tí mẹ́ta wà ní yàrá ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Ìbéèrè fún ìpàdé yín

1. Kí ni ẹgbẹ́ wa ní tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá?
2. Èwo ni a lè tún ṣe, èwo ni a lè tà?
3. Kí olúkúlùkù tó tọrọ ẹ̀yáwó, ṣé ó ti ṣí àpótí rẹ̀ wò?